Owó Mi àti Orúnkún Sàláwátù

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ torí mi pe ọlọ́pàá sí ọmọ ọmọ mi ní báńkì, èmi jókòó jẹ́ẹ́ ní tèmi, mò ń mu tíì, wọ́n sì tún fi bisikíìtì tì í fún mi. Amínà, ọmọ ọmọ mi yìí kan náà, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní kí n má fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ìtàn ti dùn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Kí n tó kúrò ní Ìwó wá sí Lọ́ndọ̀nù, gbogbo ènìyàn ló kìlọ̀ òtútù fún mi. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ìkíni fún mi. Ilé tí kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, fún ọkọ mi ní Peckham wà lókè téńté, lífíìtì ló ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá jáde, mo bá ìyá òyìnbó kan nínú lífíìtì, irun rẹ̀ funfun báláú, ó gbé báàgì ọjà dání. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni mo ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ìyá náà figbe ta. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó kì mí lábíyá méjèèjì, ó ń fà mí dìde. Ó rò pé òòyì ló gbé mi. Èmi náà rò pé inú ló ń bí i pé n kò kúnlẹ̀ dáadáa, bó bá ṣe ń fà mí dìde ni mo ń kúnlẹ̀ padà. Ọ̀dùnkún ń yí gbirigbiri nílẹ̀ lífíìtì. Kí a tó dé ìsàlẹ̀, àwa méjèèjì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ja ìjàkadì.

Lọ́jọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn mi. Ọ̀pá ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbé wá, pé kí n máa fi tilẹ̀. Mo gbà á, torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹsẹ̀ mi kò dùn mí" lédè wọn. Doreen lorúkọ rẹ̀. N kò lè pe àgbàlagbà lórúkọ lásán, mo sọ ọ́ di Màmá Doreen, ó sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi papòdà. Ọ̀pá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi dòní.

Iṣẹ́ ìnulẹ̀ ọ́fíìsì ni mo ṣe. Òkùnkùn ni mo máa ń jáde, bọ́ọ̀sì á kún fún àwa dúdú tí a ń lọ nulẹ̀ fáwọn tó ṣì ń sùn, orí wa á máa gbá gíláàsì fèrèsé. Bí àwọn oní-ọ́fíìsì bá ṣe ń wọlé ni àwa ń jáde. Mo mọ̀ wọ́n gan-an o. Mo mọ ẹni tó ń kó ṣokoléètì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín, torí àwòrán rẹ̀ wà lórí tábìlì. Àwọn kò mọ̀ mí. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi níta. Nígbà mìíràn tí mo bá ń fọ abọ́ nílé, mo máa ń pe orúkọ ara mi sókè, kí n lè gbọ́ ọ.

Àjọ ló yọ mí nínú ìyẹn. Ìyá Ìbejì, obìnrin Ọ̀yọ́ kan tó ń ta aṣọ ní Rye Lane, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja, ló ń gba àjọ wa. Ọjọ́ Sátidé la máa ń lọ bá a. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo kò yẹ̀ rí: ọwọ́ ẹni la fi ń fún un, ọwọ́ ẹni la fi ń gbà á. Kò gba iṣẹ́ rírán. Bí ara rẹ kò bá yá, á wá bá ọ lórí ibùsùn. Bí o bá sì fẹ́ kó owó rẹ lọ sọ́dọ̀ alájọ mìíràn, ìwọ fúnra rẹ ni o máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wàá gbé e lọ fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́, kí gbogbo yín jọ fojú rí i. Lọ́jọ́ tí àjọ kọ́kọ́ kàn mí, ó pariwo orúkọ mi láti inú ṣọ́ọ̀bù títí dé òdìkejì títì. Àwọn ẹlẹ́ja yíjú wò. Mo ní, háà, ẹ gbọ́ bí orúkọ mi ṣe ń dún ní Rye Lane. Ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ndọ̀nù.

Owó káàdì tẹlifóònù ló máa ń jẹ púpọ̀ nínú àjọ náà. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi Sàláwátù ní Ìwó ni mo fi Múfútáù ọmọ mi sí, Múfútáù tó di bàbá Amínà. Sàláwátù á gbé ọmọ dé ilé onítẹlifóònù, á gbé e sétí rẹ̀, ọmọ kò sì ní sọ nǹkan kan. Mo ń ná owó, ọmọ ń mí. Sàláwátù á wá gba fóònù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣèyọnu, ó ti yó. Ikùn rẹ̀ ló ń dún lẹ́yìn yẹn." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń sunkún, káàdì á tán.

Nígbà tí Múfútáù wá bá mi, mo bi Sàláwátù ohun tó fẹ́ kí n ṣe fún òun. Mo rò pé á dárúkọ ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, "Mẹ́kà. Kí a jọ lọ. Mi ò ní kí ẹ rán mi lọ o, mi ò sì ní kí ẹ lọ kí ẹ wá ròyìn fún mi. Èmi àtẹ̀yin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa."

Ọdún ń gorí ọdún. Owó ilé ìwé jẹ nínú rẹ̀, òrùlé ilé bàbá wa ní Ìwó jẹ nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró. Ìyá Ìbejì ti padà sílé nígbà náà, ìyẹn ni Amínà fi mú mi lọ sí báńkì, ó ní kí n ṣí irú àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní Áísà, ìjọba kì í gba owó orí lórí ohun tó bá bí. Báńkì náà ń fi èlé tíńtín sí i lọ́dọọdún. Mùsùlùmí ni mí, n kì í jẹ èlé. Bí wọ́n bá ti fi sí i, Amínà á yọ ọ́, a ó fi ra ìrẹsì àti ẹja alágolo lọ síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fáwọn tí kò ní. N kò tilẹ̀ kà á sí sàráà. Ohun tí kì í ṣe tèmi ni mo kó kúrò nílé mi.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, Amínà wọlé, fóònù lọ́wọ́, bàtà lẹ́sẹ̀, ó gba orí rọ́ọ̀gì mi kọjá.

"Màmá, owó yín ń sùn."

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bọ́ bàtà rẹ."

Ó bọ́ ọ. "Mi ò ṣeré o. Báńkì kan wà tí wọn kì í san èlé rárá. Ẹ máa fi owó yín ṣòwò, wọ́n á pín èrè fún yín. Èrè yẹn sì ju èlé tí ẹ fi ń ra ẹja alágolo lọ fíìfíì. Áísà náà ni, ìjọba ò ní fọwọ́ kàn án."

"Tí òwò wọn ò bá pa owó ńkọ́?"

"Èrè tí wọ́n ń retí ni wọ́n ń sọ, wọn ò búra. Ṣùgbọ́n ojú owó yín gangan, ìjọba dúró lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ò ṣáà ní gbẹ́kẹ̀ lé mi. Ẹ lọ bi Álífà."

Mo bi Álífà mọ́sáláṣí wa lóòótọ́. Ó béèrè orúkọ báńkì náà, ó lọ wádìí rẹ̀, ó sì padà wá sọ pé òwò ni, kì í ṣe èlé, kí n máa jẹ èrè mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ ẹ́ láìkọminú." Inú mi dùn títí mo fi délé. Ìgbà tí mo délé ni Amínà wá sọ èyí tó kù: wọ́n máa ti owó náà mọ́lé fún ọdún kan gbáko. Ẹnikẹ́ni ò ní lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ le sí. Owó tó wà nílẹ̀ tó gbé ẹnì kan lọ sí Mẹ́kà. Ó ku díẹ̀ kó tó ẹni méjì, Amínà sì ti ṣírò rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ pé èrè ọdún kan yẹn, pẹ̀lú ohun tí mo bá lè fi pamọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, ló máa dí àlàfo náà. Múfútáù ní òun á fi kún un. Mo ní rárá, ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́, mo sì fẹ́ kó jẹ́ òógùn tèmi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe owó. Láti ààwẹ̀ tó kọjá ni Sàláwátù ti ń kírun lórí àga. Orúnkún rẹ̀ kò gbà kó wólẹ̀ mọ́. Mo lè ti owó mọ́lé fún ọdún kan, kó sì jáde pẹ̀lú èrè. Ta ló máa bá mi ti orúnkún àbúrò mi mọ́lé, tí kò ní bàjẹ́ sí i? Bí n kò bá lọ ní kíá, ó lè jẹ́ pé owó ẹni méjì á pé, ẹsẹ̀ ẹnì kan ni yóò kù.

Mo rò ó lórí àdúrà, mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún Amínà pé kó gbàgbé ẹ̀. Níkẹyìn mo pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Orí fídíò ni, iwájú orí Sàláwátù nìkan ló sì máa ń hàn nínú fídíò.

"Sàláwà, orúnkún ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń kí yín."

"Má bá mi ṣàwàdà." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, báńkì, èrè, ìtìmọ́lé. "Tó bá wá di ọdún tó ń bọ̀, ṣé wàá lè rìn?"

Iwájú orí náà sún mọ́ fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iṣu ni mí ni? Ẹ ń bẹ̀rù pé mo máa rà lóko?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dà bẹ́ẹ̀ létí mi. Dókítà ti ní kí n máa rìn, pé ìjókòó ló ń pa orúnkún yìí. Ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ibo ni mo fẹ́ rìn lọ, ta ló ń dúró dè mí níbẹ̀? Ẹ lọ ti owó yín mọ́lé. Èmi náà á dìde, mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Tí ẹ bá ti ń ṣílẹ̀kùn fún owó, ẹ ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà."

Bí a ṣe pinnu nìyẹn.

Ó wá ku bí owó ṣe máa kúrò níbì kan dé ibòmíràn. Amínà fi fóònù ṣí àkáǹtì tuntun fún mi, ó sì kìlọ̀ fún mi: "Màmá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Báńkì tuntun ló máa lọ gbà á lọ́wọ́ ti àtijọ́." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbà. Kí àjèjì kan lọ gba owó mi lọ́wọ́ àjèjì mìíràn, kí èmi olówó má sí níbẹ̀? Ìyá Ìbejì á gbọ́ ọ ní Ọ̀yọ́, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Amínà lọ kàwé nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Stockwell, mo wọ aṣọ tó dáa, mo mú báàgì onísíìpù mi tó tóbi jù, mo so àpò kékeré mọ́ abẹ́ ìró, ó di báńkì.

Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, ó ní Fọlákẹ́ lorúkọ òun. Inú mi dùn, mo bá a sọ Yorùbá. Tirẹ̀ dà bíi ti Amínà, ó ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ń rìn.

"Mo fẹ́ kó owó mi."

"Èló, Mọ́mì?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó wo báàgì mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan ló ní kí ẹ wá kó o?"

"Ọmọ ọmọ mi ló ní kó kúrò níbí."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ wá lónìí?"

"Kò gbọdọ̀ mọ̀!"

"Níbo lẹ fẹ́ kó o lọ?"

"Báńkì mìíràn."

"Níbo ni báńkì náà wà?"

Mo rò ó. "Mi ò rí i rí. Inú fóònù ọmọ náà ló wà."

Ojú Fọlákẹ́ yí padà. Ó ní kí n dúró díẹ̀, ó lọ sọ̀rọ̀ sétí ọ̀gá wọn, òyìnbó kan tó so táì. Àwọn méjèèjì mú mi wọ yàrá kékeré kan, wọ́n rọra ń dì mí lápá bí ẹyin. Tíì dé, bisikíìtì dé. Mo ní, àṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe fẹ́ni tó bá fẹ́ kó owó rẹ̀ nìyí, ǹ bá ti wá tipẹ́.

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ ti àga mi. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ yìí, ṣé ó máa ń halẹ̀ mọ́ yín?"

"Lójoojúmọ́. Ó ní tí mo bá tún da iyọ̀ sọ́bẹ̀ púpọ̀, òun á fẹjọ́ mi sun dókítà."

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gba nọ́ńbà ọmọ náà lọ́wọ́ mi, kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun máa pe ọlọ́pàá.

Amínà sáré láti Stockwell, híjáàbù rẹ̀ ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó ṣe wọlé, ọ̀gá báńkì dìde dúró sáàárín èmi àti ẹ̀, bí ẹni tó ń là wá níjà.

"Màmá! Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Òtítọ́ ni. Gbogbo ohun tí wọ́n bi mí, òtítọ́ ni mo fi dá wọn lóhùn."

Ó fi fóònù han ọ̀gá. Ó fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn. Ó sọ ọ́ lókè, ó sọ ọ́ nílẹ̀. Nígbà tó yé wọn tán, Fọlákẹ́ gbórí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. Kódà ọ̀gá fi táì bo ẹnu.

Fọlákẹ́ nu ojú. "Mọ́mì, tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé e jáde, ó ti kúrò lábẹ́ ààbò Áísà, ìjọba lè gbowó orí lórí èrè ẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé e dé ọ̀hún, owó tuntun ni wọ́n máa kà á sí, ìjọba sì ní iye tí ẹ lè kó wọlé lọ́dún kan. Àwọn tẹ́ ẹ ń lọ bá ló yẹ kó wá béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí àwa wá fà á lé wọn lọ́wọ́."

Mo gbé ife tíì kalẹ̀. "Háà! Bíi ti ìyàwó. Kì í fúnra rẹ̀ dira lọ sílé ọkọ. Àwọn ẹbí ọkọ ló ń wá tọrọ."

"Mi ò mọ̀ o, Mọ́mì. Mi ò tíì lọ́kọ."

Ojú ẹsẹ̀ ni mo ṣàdúrà ọkọ fún un, àdúrà gígùn. Ọ̀gá wọn náà ṣe àmín, n kò mọ ohun tó rò pé a ń sọ.

Amínà bínú sí mi títí a fi dé ibi ẹlẹ́ja ní Rye Lane. Mo ra ẹja kan fún un, ó fi ìdajì ìbínú sílẹ̀. Èmi kò tijú rárá. Nígbà tí mo ń nulẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wọlé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo jáde. Lónìí gbogbo báńkì dìde nítorí wọ́n rò pé ẹnì kan fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Mo rántí Màmá Doreen àti ọ̀dùnkún rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé mi dìde nílùú yìí nígbà tí n kò ṣubú. Bí ènìyàn bá bi mí báyìí bóyá ilé ni ibí àbí àjò, ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ rántí, ká tó sọ̀rọ̀ òtútù.

Kò pẹ́ sígbà náà, owó fi ọ̀dọ̀ àwọn ti ìṣáájú sílẹ̀, ó wọ ilé ọkọ rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, wọ́n sì tìlẹ̀kùn. Èmi jókòó sí Peckham, mò ń dúró dè é.

Sàláwátù kò jókòó. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, ó di pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa, á máa yí i ká. Lákọ̀ọ́kọ́, àárín pápá ló ti ń jókòó sinmi. Ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mímí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, bíi ti Múfútáù nígbà yẹn lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́ ní Ìyá Oníréèsì. Ẹnì kan bi í pé ta ló ń lé e. Ó ní, "Owó ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́yìn mi. Ó ń sáré, mi ò sì fẹ́ kó bá mi."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Amínà wọlé. Ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

"Màmá, ilẹ̀kùn ti ṣí. Èrè ti wọlé. Ẹni méjì ti pé."

Mo sọ alihamudulilai títí ẹnu fi gbẹ. A pe Ìwó.

"Sàláwà, owó ti jáde o! Gbé fóònù jìnnà, jẹ́ kí n rí ẹ."

Ó gbé e lé ojú fèrèsé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí, mo rí gbogbo rẹ̀, látorí dé ẹsẹ̀. Ó dúró láàárín yàrá, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì délẹ̀ gbọnyin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán mà."

Ó ti lé ní ọdún kan tó ti ń kí mi lórí ìjókòó. Mo na ọwọ́ sí fóònù bí ẹni tó lè fà á dìde láti Peckham. Kò dúró dè mí. Ó ti dìde. Kò di ògiri mú, kò di nǹkan kan mú.

Mo ní, "Mo máa mú ọ̀pá Màmá Doreen wá fún ẹ ní Mẹ́kà."

"Ẹ fi sílẹ̀ fún Amínà, kó máa fi sá aṣọ." Ó gbọn eruku nídìí ìró rẹ̀. "Amínà, ṣé o wà níbẹ̀? Èrè ìyá rẹ àgbà rèé, èrè tèmi náà rèé. Bá mi wò ó nínú fóònù rẹ, ṣé ìjọba máa gba owó orí lórí orúnkún?"

Amínà ṣe bí ẹni tó ń wò ó lóòótọ́. Ó ní, "Rárá mà. Tiyín ni gbogbo ẹ̀."